Ohun Tí Ń Kú Láàárín Ọdún

Múrítàlá kò kí ẹnikẹ́ni kí ó tó fa àdá yọ. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọkùnrin méjì tí ó háyà láti Òjó tẹ̀ lé e, ó sì kọjú sí ebè tí díìlì, ewébẹ̀ òyìnbó kan, gbó sí, tí orí òdòdó rẹ̀ tí ó rí bí agbòjò kékeré ti gbẹ tán. Àdá náà lọ, ó bọ̀. Kò ṣe é bí ẹni tí ń ṣán oko. Ó ṣe é bí ẹni tí ń pa ejò, tí ẹ̀rù sì ń bà á pé ejò náà kò tíì kú.

Lẹ́bàá kànga ni Safiyat ti ń fọ ìgò. Òórùn ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ariwo tó dé: òórùn díìlì tí a ṣá lọ́gbẹ́, tí ó mú ṣáṣá, tí ó gba gbogbo afẹ́fẹ́ láti ara ògiri dé ìdí àgbọn aládùúgbò. Ó ju ìgò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sáré dé etí ebè.

"Bọ̀ọ̀dá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ gbọ́ o! Ìyàwó tí a gbé wọlé fún àbúrò mi ló ń bi mí ní ohun tí òun ṣe." Múrítàlá kò dáwọ́ dúró. "Ò ń ri òpó mọ́ ilẹ̀ bàbá mi, o wá ń fi òdòdó bo orí rẹ̀."

"Ewébẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"Ewébẹ̀ wo ló ga dé àyà èèyàn? Ewébẹ̀ wo ló ń gbẹ bí igi?"

Ọ̀kan nínú àwọn ará Òjó náà já ẹ̀ka kan, ó fi sí imú. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká ká díẹ̀ dání. Ó jọ pé igbó ni màdáámù ń gbìn."

Èkejì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Múrítàlá kò rẹ́rìn-ín. Safiyat ti wọ àárín ebè, ó na ọwọ́ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ó fẹ́ dá màlúù padà. Ìgbátí àkọ́kọ́ bà á ní ẹ̀gbẹ́ etí, ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ nínú orí ara rẹ̀ bí ìgbà tí ìjì bá pa ilẹ̀kùn dé. Ìkejì la ètè rẹ̀. Ó ṣubú sí ìdí ògiri. Nígbà tí ó gbìyànjú láti dìde, bàtà Múrítàlá gún un ní ìhà, ó sì padà sílẹ̀.

Ọkùnrin náà wá gbá ìdì igi díìlì gbígbẹ kan mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í nà án, ní ẹ̀yìn, ní èjìká, ní ọwọ́ tí ó fi bo ojú, títí igi náà fi rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ki òmíràn mọ́lẹ̀. Àwọn méjì yòókù ń fi tiwọn na ògiri, wọ́n ń fi na ilẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń po amọ̀. Hóró díìlì ń ta sínú irun Safiyat. Ó ń ta mọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Bí òjò bá rọ̀, tí mo bá ohunkóhun lórí ilẹ̀ yìí," ni Múrítàlá wí, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ìwọ ni mo máa gé tẹ̀ lé e."

Kì í ṣe ewébẹ̀ ni ó ń bá jà, gbogbo ẹni tí ó mọ ìdájọ́ tí ó wà láàárín wọn ni yóò sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù pa Naheem, ọkọ Safiyat, lójú títì márosẹ̀ ní ìwájú Aradagun, kò fi ọmọ sílẹ̀. Ilé ni ó fi sílẹ̀, àti ẹ̀yìnkùlé tí ó fẹ̀ dé etí títì. Ilé kò ní àríyànjiyàn nínú, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ni Naheem fi kọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùlé ni ìjà wà: ilẹ̀ ẹbí ni. Múrítàlá, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Naheem, ti rí ẹni tí yóò fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Safiyat sì mọ̀ pé bí ẹ̀yìnkùlé bá lọ, kànga lọ nìyẹn, ọ̀nà àbáwọlé lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò jẹ́ kí opó kan máa gbé àárín ẹ̀rọ epo. Ibi tí yóò sùn láyé ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún un, kò sì ní òmíràn.

Alhaji Babátúnjí, olórí ẹbí, ni ó dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n jáde ọ̀fọ̀. Ó ní kí ìyàwó máa gbé inú ilé, kí ó sì máa dá oko ẹ̀yìnkùlé, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé ohun tí ń kú láàárín ọdún ni ó ń gbìn síbẹ̀: àgbàdo, ata, ẹ̀fọ́. Ọjọ́ tí ó bá gbin igi, ọjọ́ yẹn ni yóò jáde.

Àṣà yìí kì í ṣe ìwà ìkà lásán. Ó ní ìdí. Igi a máa pẹ́ láyé ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Bí ènìyàn bá gbin àgbọn sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò wá ká a, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò wá sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni bàbá òun ti ń jókòó, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì dé iwájú adájọ́, igi ni yóò jẹ́rìí. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé, láàárín àwọn onílẹ̀ láti Òjó dé Àgbádárìgì, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ láti fi jẹun kì í gbin igi sórí rẹ̀. Àgbàdo kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Àgbàdo ti kú kí ẹjọ́ tó dé kóòtù.

Nípasẹ̀ ìgò ni díìlì fi wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Safiyat ti kọ́ àwọn ọmọ nípa oúnjẹ sísè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Imeke kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fínígà àti iyọ̀ pa kùkúńbà mọ́ sínú ìgò fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì etíkun. Àwọn àlejò fẹ́ òórùn díìlì nínú rẹ̀, kò sì sí ọjà kan nítòsí tí wọ́n ti ń tà á. Sagbo, Ègùn aládùúgbò rẹ̀ tí ń gun àgbọn jẹun, ni ó bá a ra hóró rẹ̀ bọ̀ láti Àjàṣẹ́, nínú ọ̀rá kékeré. "Ewé yovo nìyí," ni ó wí bí ó ti gbé e fún un, nítorí yovo ni àwọn Ègùn ń pe òyìnbó. "Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tí wọ́n kú, mi ò sí ńbẹ̀."

Lákọ̀ọ́kọ́, Safiyat ṣe é bí gbogbo wa ti ń ṣe ata: ó gbìn ín sínú ike, ó dúró kí ó hù, ó sì ṣí i lọ sórí ebè. Gbogbo rẹ̀ kú. Ó gbà á ní àkókò kí ó tó yé e pé gbòǹgbò kan ṣoṣo ni díìlì ní, tí ó lọ tààrà sísàlẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá ti yọ gbòǹgbò yẹn lẹ́nu ti pa á. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí òjò parí tí ọyẹ́ ń bọ̀, ó fọ́n hóró náà sí ojú ibi tí yóò gbé títí láé. Ó pò ó mọ́ iyanrìn kí ó má baà ṣù jọ, ó fọ́n ọn sórí ebè tí ó ti fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí, kò sì bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ó ń jí i. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó lè fara mọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ó hù, tí ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí irun ọmọ tuntun, ó tu èyí tí ó há jù sọ nù kí ìyókù lè mí. Bí ó bá jẹ́ ewé nìkan ni ó fẹ́ ni, ì bá ti gé e kí ó tó yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n òdòdó àti hóró ni ìgò ń fẹ́. Ó jẹ́ kí ó gbó. Bí àṣìṣe bá wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, òun nìyí: ó jẹ́ kí ewébẹ̀ dúró títí ó fi jọ igi lójú ẹni tí ń wá igi kiri.

Lórí àgbọn ni Sagbo wà nígbà tí wọ́n ń na Safiyat. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni ó fi aṣọ di ìhà obìnrin náà. Sagbo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka dán ojú àdá tirẹ̀ wò.

"Nọ̀ví mi," ni ó wí, bí àwọn Ègùn ti ń pe ọmọ ìyá ẹni, "sọ̀rọ̀ kan, kí n lọ gé etí rẹ̀ wá. Ẹyọ kan péré. Ó ṣì máa fi èkejì gbọ́ wáàsí."

Ẹ̀rín dun Safiyat ní ìhà. "Má lọ. Ohun tí ó ń wá gan-an nìyẹn. Bí a bá ti ṣá ọmọ ilé kan nítorí mi, ta ni yóò tún gbèjà mi nínú wọn?"

"Ta ló ń gbèjà ẹ báyìí?"

Alhaji Babátúnjí wà ní Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú fún un. Ní gbogbo àkókò tí kò fi sí nílé, Múrítàlá kò sinmi. Ó ju òkú ajá sínú kànga. Ó rán àwọn ará Òjó rẹ̀ padà, wọ́n fọ́ gbogbo ìgò tí ó wà ní gbọ̀ngàn, wọ́n sì da àfọ́kù sórí àkéte. Nígbà tí Safiyat ń kó o, ọ̀kan nínú wọn ta á ní ìpá láti ẹ̀yìn, Safiyat sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì balẹ̀ lórí àfọ́kù. Ó yọ àfọ́kù náà fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìpariwo, nítorí wọ́n dúró ń wò ó.

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ̀yìnkùlé fi tutù yọ̀yọ̀. Kì í ṣe orí ebè nìkan: ìdí ògiri, ojú ọ̀nà, etí kànga, gbogbo rẹ̀ ni díìlì yọ sí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé àgbẹ̀ kan tí ó mọ iṣẹ́ ni ó fọ́n ọn, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ dáadáa.

Sagbo rí i láti orí àgbọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Máwù o! Ọlọ́run o! Múrítàlá ti di àgbẹ̀! Ó fúnrúgbìn, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò sì gba oúnjẹ ọ̀sán."

Safiyat kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó bí ẹni tí ń wá ẹnu ọ̀nà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Bí ó bá tu ú, ilẹ̀ yóò ṣófo, Múrítàlá yóò sì sọ pé ó ti kọ ilẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, yóò sọ pé ó padà wá fúnra rẹ̀ bí igi. Kò tíì pinnu nígbà tí Múrítàlá yọ sí etí ọgbà. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mú àdá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín yẹn ba Safiyat lẹ́rù ju àdá lọ, nítorí ó fi hàn pé ó ti rí ẹjọ́ tí yóò rò.

Ó sì ti rí i. Alhaji Babátúnjí ti dé láti Abẹ́òkúta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó dé ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú awò dúdú lójú, tí ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ó kọ àga tí wọ́n gbé fún un. Safiyat, tí ó ti ń roko lórí ebè, fi ọkọ́ lélẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Múrítàlá dúró ní ẹ̀gbẹ́ bàbá náà, àdá lábẹ́ apá, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

"Bàbá, ẹ wò ó. Èmi gé e. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gé e kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbìn ín padà, òun náà ò sì ní sọ pé òun gbìn ín. Ó padà wá fúnra ẹ̀. Ohun tó bá ń padà wá fúnra ẹ̀, kí là ń pè é?"

"Koríko," ni Sagbo dáhùn láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ta ló bi Ègùn?"

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì." Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ṣé ewúrẹ́ ń jẹ èyí?"

"Ó ń jẹ ẹ́, Bàbá," ni Safiyat wí.

"Èwo ni ewúrẹ́ ò ní jẹ." Ó nà ró. "Ìyàwó wa, dìde. Fèsì ohun tí ọkọ rẹ sọ."

Safiyat dìde. "Bàbá, Bọ̀ọ̀dá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ gbà mí láyè kí n tú wọn. Èkínní, ṣé ohun tí mo gbìn ń kú láàárín ọdún? Èkejì, ta ni ó gbin èyí tí ẹ ń wò?" Ó fi ìka méjì fa díìlì kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí òwú ìránṣọ. "Èyí tí mo gbìn kú. Ọmọ rẹ̀ ni èyí. Bí àgbàdo bá bọ́ sílẹ̀ nígbà ìkórè, a máa hù bí òjò bá rọ̀, a kò sì tíì torí rẹ̀ pe àgbàdo ní igi. Igi ni èyí tí ìyá ṣì dúró nígbà tí ọmọ ń hù."

"Hm. Èkejì ńkọ́?"

"Ẹ bá mi kálọ, Bàbá."

Ó mú un lọ sí ìdí ògiri. Ibẹ̀ ni díìlì ti ki jù lọ. Ó hù ní àgbájọ bí irun àgùntàn. Ṣùgbọ́n ní àárín rẹ̀ ni àyè kan wà tí ohunkóhun kò hù sí, ilẹ̀ pupa gbalasa, ó sì ní ìrísí. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó fi orí ọ̀pá tọ etí àyè náà yí ká, láti ibi tí ó rí róbótó, dé ibi tí ó fẹ̀ bí èjìká, dé ibi tí ó ká kò bí orúnkún ẹni tí ó ń fi ara pamọ́.

"Kí ló dùbúlẹ̀ síbí?"

"Èmi ni, Bàbá. Ibi tí ara mi bò mọ́lẹ̀ kò rí hóró gbà. Ibi yòókù gbà á, nígbà tí Bọ̀ọ̀dá ń fi igi rẹ̀ nà mí. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó fúnrúgbìn sórí ilẹ̀ yìí, ẹ má bi mí. Ẹ wo ilẹ̀."

Bàbá yíjú sí Múrítàlá. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá lójú títì.

"Múrítàlá, ṣé bó ṣe rí nìyí?"

"Mo bá a wí. Ìyàwó ilé wa ni."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá o bá a wí. Ṣé ewé yìí lo fi nà án?"

"Òun ni."

"Níbí?"

"Níbí kẹ̀. Kí ló wá dé?"

"Ó dé pé ìwọ lo gbìn ín." Bàbá dá awò padà sójú. "Bí ó bá jẹ́ igi bí o ti wí, ìwọ lo gbin igi sórí ìpín tí mo fún ẹlòmíràn. Bí kì í bá ṣe igi, kò sí ẹjọ́. Mo ní kì í ṣe igi. Ìyàwó yìí yóò wà lórí ilẹ̀ yìí títí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yóò fi gbé e kúrò, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ilé epo létí mi mọ́."

Ó dà bí ẹni pé Múrítàlá yóò lọ. Ó yí padà, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni ó fi gbogbo ara yípo, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti bàbá arúgbó náà láyà. Alhaji Babátúnjí fò sẹ́yìn, orí rẹ̀ bá etí kànga, fìlà funfun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Múrítàlá!" Safiyat kò mọ ìgbà tí orúkọ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìsí bọ̀ọ̀dá níwájú rẹ̀. Ó ti gbé ọkọ́. "Sọ àdá yẹn sílẹ̀."

"Orúkọ mi lo pè?"

Àdá kúrò lábẹ́ apá, ó dé lókè. Safiyat bẹ̀rẹ̀ fún un, àdá gba orí rẹ̀ kọjá, ó gé ìbòrí, ó sì bó awọ èjìká rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń bó ọsàn. Obìnrin náà kò dúró kí ó lọ kí ó tún bọ̀. Ó gba ìsàlẹ̀ sọ ọkọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gé gbòǹgbò tí ó ń ṣagídí, gbogbo ìbínú tí ó ti gbé mì láti ìgbà tí òjò kò tíì dé sì bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹnu ọkọ́ wọ itan Múrítàlá nínú, lókè orúnkún. Nígbà tí Múrítàlá fà á yọ, igi ọkọ́ náà kán sí i lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde, kì í ṣe ní ṣíṣàn bí kò ṣe ní títa, lọ́nà tí ó bá ìlù àyà ọkùnrin náà mu. Ó jókòó lulẹ̀ sórí ebè bí ẹni tí ó rẹ̀.

Sagbo ti fo ọgbà. Ó wo itan náà, ó sì mi orí. "Fi í sílẹ̀, nọ̀ví. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fà á. Kò ní pẹ́."

Safiyat mọ̀ pé òótọ́ ni Sagbo sọ. Kò ní pẹ́. Kò sì sí àánú kankan nínú rẹ̀ tí ó lè rí nígbà tí ó wá a. Ó dúró, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì ń ronú pé bí èyí bá ti parí, gbogbo rẹ̀ ti parí.

Nígbà náà ni Múrítàlá dùbúlẹ̀ padà sórí ebè. Ó na ara rẹ̀ tán, ó kọjú sí Bàbá, tí ó ti jókòó ní ìdí kànga pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú.

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ibi tí mo wà yìí ni kí ẹ sin mí sí. Ẹ má gbé mi lọ ibì kankan. Ibí ni kí ẹ gbẹ́."

Nínú ilé wọn, a kì í bá ẹni tí ń kú jiyàn lórí ibi sàréè rẹ̀; ọ̀pọ̀ sàréè wọn ni ó wà ní ẹ̀yìn ilé, ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ní ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Kí ọkùnrin náà tó dákẹ́ ni ó ti yé Safiyat. Igi ṣeé gé. Ta ni yóò hú sàréè? Àwọn ọmọ Múrítàlá yóò wá ṣe àdúà níbẹ̀, wọn yóò fi símẹ́ǹtì sí i, wọn yóò fi páànù bò ó, wọn yóò jókòó lábẹ́ rẹ̀, kò sì ní sí adájọ́ kan tí yóò lé wọn. Ó yé e pẹ̀lú, nísinsìnyí, ìdí tí ó fi jẹ́ Múrítàlá ni ó sáré gbé òkú Naheem lọ sí itẹ́ òkú ní ìlú Àgbádárìgì, nígbà tí ìyàwó òkú ṣì dákú sórí ẹní.

Safiyat já ìbòrí kúrò lórí, ó sì fò mọ́ ọn.

"Kúrò lára mi!" Múrítàlá fi ẹsẹ̀ kejì gbá a nínú ikùn. "Fi mí sílẹ̀, kí n kú!"

Ó fi orúnkún tẹ àyà rẹ̀. Ó ti gbé aṣọ náà yí itan ká nígbà tí ọkùnrin náà ki ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gé e jẹ, eyín rẹ̀ sì wọ ẹran. Safiyat fi ìkúùkù gbá a lẹ́nu, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i, títí ẹnu náà fi là.

"Sagbo, dì í mú!"

"Ṣé kó má kú ni?"

"Mo ní dì í mú!"

Sagbo jókòó lé e lórí. Safiyat ki igi ọkọ́ tí ó kán bọ àárín ìdè, ó sì yí i, ó yí i, ọkùnrin náà ń ké bí ẹran ọdún, títí títa ẹ̀jẹ̀ náà fi di kíkán. Lẹ́yìn náà ó gbá a mú lábíyá, Sagbo gbá ọwọ́ kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ.

Múrítàlá ń fa díìlì. Ó ń bá a bọ̀ ní ẹ̀kúnwọ́. Ó di okùn kànga mú, Safiyat sì fi gìgísẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ kọjá ògiri, lórí àfọ́kù ìgò tí Safiyat dà síbẹ̀, kọjá lára bàbá arúgbó tí ó ń pe orúkọ Ọlọ́run.

"Ìkà ni ẹ́," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Obìnrin, ìkà ni ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá," ni ó dáhùn, èémí rẹ̀ ń já. "Ẹ kú bí ó bá wù yín. Ẹ kàn má kú síbí."

Wọ́n kọjá pèrègún tí ó jẹ́ ààlà, wọ́n bọ́ sórí iyanrìn etí títì. Sagbo ti ń ju ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan, ó ń pariwo pé èèyàn ń kú lọ; kẹ̀kẹ́ náà dúró níwájú wọn pẹ̀lú eruku. Sagbo bojú wẹ̀yìn.

"Ṣó ṣì ń mí?"

Safiyat kò wo àyà rẹ̀. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Gìgísẹ̀ Múrítàlá kan ṣì wà ní inú pèrègún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó sì fi í sí ìhà kejì.